Ta Ló Sọ Pé Òkè Òkun Ni Katalíísì Ti Ń Wá?

Ní Ìlúpéjú, láti Town Planning Way dé Coker Road, díísù ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀. Lítà kan kọjá náírà 700 ní 2022. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ báyòdíísù, ìyẹn díísù tí wọ́n ń fi epo ewéko ṣe, èsì kan náà ni wọ́n ń fọ̀: katalíísì rẹ̀ àti ẹ̀rọ rẹ̀, òkè òkun ló wà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Katalíísì ni èròjà tí ń mú kí epo àti metanọ́ọ̀lù (irú ọtí kan tí kì í ṣe mímu) tètè di báyòdíísù, eérú sì lè ṣe é. Ní 2014, Eriola Betiku àti ẹnìkejì rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwádìí jáde lórí epo kóró Thevetia, igi olódòdó àwọ̀ ìyeyè tí àwọn èèyàn ń gbìn yí ilé ká, tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ èso rẹ̀ nítorí májèlé. Eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n fi yí epo náà padà. Pọtáṣíọ̀mù inú eérú náà ló ń ṣiṣẹ́, òun kan náà tó wà nínú eérú èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Epo àti metanọ́ọ̀lù kì í fẹ́ pò, nítorí náà àgbá irin tó jẹ́ ẹ̀rọ náà nílò ohun tí yóò máa rò wọ́n pọ̀ láìdúró. Ooru rẹ̀ ń wà ní nǹkan bíi 60 °C, torí pé metanọ́ọ̀lù ń hó ní 65. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn náà, gilisẹ́rọ́ọ̀lù tó ki, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, wọ́n á sì ṣí ẹ̀rọ omi abẹ́ àgbá kí ó ṣàn jáde. Àwọn wẹ́dà tó wà ní Mushin lè jó irú àgbá bẹ́ẹ̀.

Ibi tó le gan-an ni epo tí wọ́n ti fi dín nǹkan. Omi àti ásíìdì inú rẹ̀ á bá eérú jà, apá kan rẹ̀ á sì di ọṣẹ. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ gbé e kaná kí omi rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n sì fi ásíìdì tọ́jú rẹ̀ bó bá ti bàjẹ́ jù. Metanọ́ọ̀lù náà kì í ṣe ohun eré: òun ló pa àwọn èèyàn ní agbègbè Òde-Ìrẹlẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015, nígbà tó wọ inú ògógóró. Àgbá gbọ́dọ̀ dé pinpin.

Iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO ti wà ní Òṣòdì láti 1956, kò sì jìnnà sí Ìlúpéjú. Kí àwọn onílé-iṣẹ́ kó epo tí wọ́n ti fi dín nǹkan àti àpò eérú kan lọ síbẹ̀, kí wọ́n sọ fún àwọn olùwádìí ibẹ̀ pé kí wọ́n dán an wò lójú àwọn.