Ìdìbò àti Asẹ́ ní Ilẹ̀ Ìránì

Àwa tí a ti ń ka ìwé Dáníẹ́lì láti kékeré kò lè ṣàì rántí òfin àwọn ará Mídíà àti Páṣíà, èyí tí ọba pàápàá kò lè yí padà. Ilẹ̀ Páṣíà náà ni a ń pè ní Ìránì lónìí. Ní ọdún 1979 ni wọ́n lé ọba wọn kúrò, tí wọ́n sì gbé ìjọba kalẹ̀ lórí òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù. A fẹ́ kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa bá wa ro ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, àwọn ará Ìránì dìbò yan Mohammad Khatami ṣe Ààrẹ. Nǹkan bí 20 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó dìbò fún un, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́ àti obìnrin. Ó ṣèlérí pé òfin yóò borí ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni, àti pé ìwé ìròyìn yóò lè sọ̀rọ̀ láìfòyà.

Ṣùgbọ́n oyè ni ó dé ọwọ́ rẹ̀, àṣẹ kò dé ibẹ̀ tán. Ali Khamenei, tí ó jẹ́ Aṣáájú Àgbà nígbà náà, ni ó ni àṣẹ lórí àwọn ọmọ ogun àti àwọn adájọ́. Ìgbìmọ̀ Olùṣọ́, tí í ṣe ènìyàn 12, ni ó ń yẹ gbogbo òfin tuntun wò, òun náà ni ó sì ń fi asẹ́ sẹ́ orúkọ àwọn tí ó fẹ́ du ipò. Aṣáájú ni ó ń yan mẹ́fà nínú wọn. Àwọn mẹ́fà yòókù, olórí àwọn adájọ́ ni ó ń mú orúkọ wọn wá fún ilé aṣòfin láti yàn. Aṣáájú kan náà ni ó sì ń yan olórí àwọn adájọ́. Ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ ni ó tún padà sí.

Kò pẹ́ tí a fi rí èso rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1999, wọ́n ti ìwé ìròyìn Salam pa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tehran fi ẹ̀hónú hàn. Ní òru, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ ya wọ ilé tí wọ́n ń sùn, wọ́n lù wọ́n, ẹ̀mí sì bọ́. Àwa tí a ń sùn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè ka ìtàn yìí kí ọkàn wa má gbọgbẹ́. Ní ọdún 2002, Khatami gbé òfin méjì wá, kí ó lè gba asẹ́ náà lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀, kí agbára Ààrẹ sì lè pọ̀ sí i. Ta ni yóò wá fọwọ́ sí i? Ìgbìmọ̀ náà ni! Wọ́n kọ̀. Ní ọdún 2004, wọ́n yọ orúkọ tí ó ju 2,000 lọ kúrò nínú ìdíje, títí kan nǹkan bí 80 tí ó wà nílé aṣòfin lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀sìn ni ó fà á. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ààfáà ni Khatami fúnra rẹ̀; ààfáà sì ni Abdollah Nouri tí wọ́n sọ sẹ́wọ̀n ní ọdún 1999 nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ kọ. A kò sì fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ìbẹ̀rù àwọn àgbà ibẹ̀. Ní ọdún 1953, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà lọ́wọ́ nínú bí a ṣe lé Mossadegh, olórí ìjọba wọn, kúrò. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ilé nílò olùṣọ́ nítòótọ́. Ṣùgbọ́n olùṣọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè bi léèrè yóò sọ ara rẹ̀ di onílé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

Àléébù kan wà lọ́wọ́ àwọn alátùn-únṣe pẹ̀lú: ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n fi ṣáájú, wọ́n fi asẹ́ ṣe ìkẹyìn. Kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀, ọdún márùn-ún ti kọjá, a sì ti ti ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn tí ìbá gbè wọ́n lẹ́yìn pa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìlú, kí a má ṣe dúró lórí ìbéèrè pé, “Ta ni a dìbò yàn?” Kí a kọ́ wọn láti béèrè pẹ̀lú pé, “Ta ni ó di asẹ́ mú, ta ni yóò sì bi í?”