Kọ́bọ̀ Kan Tí Mo Jẹ Ọmọ Ilé-Ìwé

Mo ní ẹjọ́ kan láti rò lọ́sẹ̀ yìí, èmi gan-an ni mo sì jẹ̀bi.

Ní 1970, ìwé kẹfà ni mo ń kọ́. Mo bi àwọn ọmọ ní ìtumọ̀ "to spend a penny". Ọmọbìnrin kan, tí ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́, kọ ọ́ pé: "Kí ènìyàn ná kọ́bọ̀ kan." Mo fa ìlà pupa sí i, nítorí ìwé tí ń bẹ lọ́wọ́ mi ní kí ènìyàn lọ tọ̀ ni. Ọmọ náà ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí owó ni pẹ́nì?" Mo ní kó jókòó. Ẹkún ló sun lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ owó ni lóòótọ́! Ní 1851, nígbà àpéwò ńlá tí wọ́n ṣe ní Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù, George Jennings ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ síbẹ̀, pẹ́nì kan lẹni tó bá wọlé ń san. Àwọn tó san án lé ní 800,000. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgboro wọn kì í ṣí àfi bí a bá ju pẹ́nì sínú ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n yí owó wọn padà ní 15 Fẹ́búárì, 1971. Pẹ́nì 240 tó ń jẹ́ pọ́n-ùn kan di 100. Owó lọ, ọ̀rọ̀ kù sẹ́nu àwọn àgbà wọn. (Gínì náà ńkọ́? Láti 1814 ni wọn kò ti rọ ọ́ mọ́, síbẹ̀ lọ́yà wọn ṣì fi í ka owó iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.)

Àwa náà ńkọ́? Náírà dé ní 1 Jánúárì, 1973, pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní nǹkan mìíràn ju ṣílè lọ, kọ́bọ̀ márùn-ún sì ni sísì rẹ̀. Kọ́bọ̀ fúnra rẹ̀, pẹ́nì la ń pè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà kò ṣì í rárá.

Mo rí i lọ́jà láìpẹ́ yìí, ó ti di ìyá àgbà, èlùbọ́ lòun náà ń tà. Mo ní mo wá dá máàkì rẹ̀ padà. Ó rẹ́rìn-ín títí.

"Tíṣà, ẹ kọ́kọ́ san owó èlùbọ́ yín ná."