Ẹ Má Lé Elvis Kúrò Nínú Ìtàn Èkó

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn lámèyítọ́ kan máa ń fi kan òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tó bá ti jẹ́ kí orin òyìnbó dún nínú ìwé rẹ̀: wọ́n á ní ó ti ta àṣà, wọ́n á ní ọkàn rẹ̀ ṣì wà lóko ẹrú. Ìwé tí ẹ̀sùn náà bá mu jù ni GraceLand tí Chris Abani kọ, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2004. Ọ̀dọ́ inú rẹ̀, Elvis Oke, ń gbé ní Màrókò, àdúgbò mẹ̀kúnnù kan ní Èkó. Ó ń kun àtíkè sójú, ó ń dé wíìgì, ó ń jó bí Elvis Presley, olórin Amẹ́ríkà, fún àwọn òyìnbó létíkun kí wọ́n lè ta á lọ́rẹ. Èmi ò gba ẹ̀sùn náà rárá. Ẹni tó bá ní kí òǹkọ̀wé yọ orin àjèjì kúrò nínú ìtàn mẹ̀kúnnù Èkó, irọ́ ló ní kó pa.

Ẹ wo agbègbè Kirikiri ní Èkó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n etí omi ni ibẹ̀, èbúté Apápá àti Tin Can kò jìnnà sí i, Ajégúnlẹ̀ sì wà nítòsí. Ìjọ̀, Ùròbò, Ìlàjẹ, Ìgbò, Haúsá àti Yorùbá ni wọ́n jọ ń gbé Ajégúnlẹ̀. Kò sí orin kan tó jẹ́ ti baba gbogbo wọn. Régè Jàmáíkà ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ mú, wọ́n fi Píjìn àti èdè ilé wọn kọ ọ́, wọ́n dá ijó tiwọn sí i, ó di galala. Nígbà tí àwọn olórin galala bíi Daddy Showkey àti Baba Fryo gbòde láwọn ọdún 1990, gbogbo Nàìjíríà mọ̀ pé ohùn Ajégúnlẹ̀ làwọn ń gbọ́. Òǹkọ̀wé tó bá wá fẹ́ sọ ìtàn irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tó sì fi dùndún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan sí i nítorí ìbẹ̀rù lámèyítọ́, ìlú tí kò sí ló kọ̀wé nípa rẹ̀.

Kì í ṣòní ni orin àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìtàn Èkó. Ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí I. B. Thomas kọ́kọ́ ń gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó kó tó di ìwé lọ́dún 1930, ní orin ìgboro àti orin ìjọ nínú, ẹnu obìnrin Èkó kan náà ni méjèèjì sì ti ń jáde. Ní 1954, Cyprian Ekwensi fi akọ̀ròyìn tó tún jẹ́ olórí ẹgbẹ́ olórin ṣe ẹ̀dá ìtàn pàtàkì nínú People of the City. Orin háíláìfù tó gbòde láyé ìgbà náà, fèrè àwọn ológun òyìnbó àti gìtá àwọn atukọ̀ wà lára ohun tó bí i. Lónìí, a ti ń pè é ní ogún àwọn baba wa, a sì ń fi í bá ọ̀dọ́ wí.

Wọ́n á ní àwọn òǹkàwé Amẹ́ríkà ni Abani fi Elvis dẹ, pàápàá nígbà tí ìwé náà gba ẹ̀bùn Hemingway/PEN ní 2005. Kí wọ́n tún ìwé náà kà. Owó táṣẹ́rẹ́ ni ijó yẹn ń mú wá, orin Presley kò sì gba ẹnikẹ́ni là níbẹ̀. Wọ́n á ní ṣebí Amẹ́ríkà ni ọmọ náà gbà lọ níkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n wó Màrókò ni. Nínú ayé gidi pẹ̀lú, ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba Raji Rasaki, gómìnà ológun Èkó, fi katapílà wó Màrókò, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn sì di aláìnílé. Orin kọ́ ló lé wọn.

Ibì kan wà tí mo ti fara mọ́ àwọn lámèyítọ́: òǹkọ̀wé tó kàn ń to orúkọ àwọn olórin jáàsì sójú ìwé kí a lè mọ̀ pé ó lajú, asán ló ń ṣe. Àṣejù tirẹ̀ kò sọ ti Abani di ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ rí báyìí ni ìtàn àròsọ Yorùbá tó máa gbé galala wọlé bó ṣe wà, tòun ti Píjìn rẹ̀ àti régè rẹ̀, láìfọ̀ ọ́ mọ́ nítorí ìdánwò WAEC. Bí àwọn tó ń yan ìwé fún ilé ẹ̀kọ́ bá kọ̀ ọ́, kí òǹkọ̀wé rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀.