Ọ̀ràn Ìbọn Nínú Ilé

Ìbéèrè kan kò kúrò lẹ́nu àwọn ará wa ní Ìbèṣè àti ní gbogbo ẹ̀bá ọ̀sà tí ó ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ń bi wá pé: irú ìbọn wo ni ó yẹ kí baálé ilé kọ́kọ́ rà, èyí tí yóò fi ṣọ́ ilé rẹ̀, tí yóò sì lè fi ṣe eré ìdárayá bí ààyè bá gbà á? Àwọn oníṣòwò tí owó ọjà ń sùn sí ilé wọn ni ó ń béèrè jù. A kò ní fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ẹni tí ìjà kò bá ni í pe ara rẹ̀ ní ọkùnrin.

Kì í ṣe lásán ni ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2016 ni àwọn ajínigbé wọ ilé ẹ̀kọ́ Babington Macaulay ní Ìkòròdú, tí wọ́n sì kó ọmọbìnrin 3 lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, wọ́n kó ọmọkùnrin 6 ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà ní Ìgbónlá lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ó sì lé ní oṣù méjì kí àwọn òbí wọn tó tún rí wọn. Ní àárín ọdún méjèèjì yìí kan náà ni àwọn ẹni ibi tí à ń pè ní Badoo ń wọ ilé àwọn ènìyàn ní òru ní agbègbè Ìkòròdú, tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ fọ́ orí bàbá, ìyá àti ọmọ lórí ibùsùn kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá rántí bí a ti ń sùn ní àkókò náà kò ní bú ẹni tí ó ń wá ìbọn.

Ṣùgbọ́n apá kejì ìtàn náà wà, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 2017, àwọn ará àdúgbò kan ní Ìkòròdú dá ọkọ̀ dúró ní òru, wọ́n pe àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ní Badoo, wọ́n sì pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé aláìṣẹ̀ ni wọ́n, apanilẹ́rìn-ín kan sì wà láàárín wọn. Bí igi àti òkúta bá lè ṣe irú èyí ní ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rù ti gba ọkàn rẹ̀, kí ni ìbọn kì yóò ṣe?

Nítorí náà, kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta ìbọn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ òfin. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà èkíní ni àwọn tí a kà léèwọ̀ fún ará ìlú, bí ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́. Ọ̀nà kejì ni ìbọn tí ènìyàn lè ní bí ó bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí à ń sọ yìí wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa, tí ó ní ìwé tirẹ̀. Òfin náà sọ pé a kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tó ọdún 17 ní ìwé, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Ẹni tí a bá sì ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìní ìwé, òfin mìíràn ti pèsè ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 sílẹ̀ fún un, tàbí owó ìtanràn 20,000 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà a máa kọ̀wé sílé pé ìbọn tí a ń fi ọwọ́ fà sẹ́yìn kí ọta mìíràn tó wọlé ni ó dára jù fún ìṣọ́ ilé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní ilẹ̀ wa, òfin yọ gbogbo ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ tí ń ki ọta fúnra rẹ̀ kúrò nínú èyí tí ará ìlú lè gba ìwé rẹ̀. Ohun tí ó kù ni ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, tí a ń ṣẹ́ ní ìdí láti fi ọwọ́ ki ọta sí i.

Nínú ìwọ̀nyí, ẹlẹ́nu méjì ni ó sàn jù fún ẹni tí ń fẹ́ kí ìbọn kan ṣe iṣẹ́ méjì. Ìwọ̀n 12 ni ó wọ́pọ̀ jù, ọta rẹ̀ ni ó sì rọrùn jù láti rí. Ìtumọ̀ 12 ni pé bí a bá ṣe òjé ní róbótó tí ó wọ ẹnu ìbọn náà géérégé, méjìlá irú rẹ̀ ni yóò wọn pọ́n-ùn kan. Ìwọ̀n 20 kéré sí i, kì í gbá èjìká tó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Kí ẹni tí ń rà á gbé e lé èjìká kí ó tó sanwó: bí ìdí rẹ̀ bá gùn jù tàbí tí ó kúrú jù, kò ní rí ibi tí ó ń yìn ín sí.

Ní ti eré, ọ̀gbẹ́ni Ligowsky ará Cincinnati ni ó gba ìwé àṣẹ ní 1880 fún àwo amọ̀ tí a ń jù sókè kí a lè yìnbọn sí i dípò ẹyẹlé ààyè. Eré náà dé Òlíńpíìkì ní Paris ní 1900. Lónìí, àwo náà fẹ̀ tó mílímítà 110, ó wọn nǹkan bí gíráàmù 105, ọ̀dà àti lúúlú òkúta ẹfun ni a sì fi ń ṣe é. Eré yìí ṣe àǹfààní púpọ̀, nítorí pé ó ń kọ́ ènìyàn láti mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ohun tí ó ń yìn sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe etí ọ̀sà Ìbèṣè ni a ó ti ṣe é, kí òjé má bàa rọ̀ sínú omi tí a ń pa ẹja nínú rẹ̀. Ibi tí a yà sọ́tọ̀, tí olùkọ́ wà, ni ibi rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ọta ńlá a máa gba inú ilẹ̀kùn pákó àti fèrèsé kọjá, ẹni tí ó wà ní yàrá kejì kò sì mọ̀ pé ìjà ń bẹ. Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, aládùúgbò ni ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní Ìbèṣè pàápàá, kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tí ń rìn ní òru ni ti olè: apẹja ń bọ̀ láti odò, awayanrìn ń lọ sí ẹnu iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹyin kì í padà di odindi bí ó bá fọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọta tí ó ti jáde kì í padà sẹ́nu ìbọn. Òfin gba ènìyàn láàyè láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là; kò gbà á láàyè láti pa ẹni tí ń sá lọ nítorí àpò gààrí kan.

Ọmọdé ńkọ́? Ìbọn tí a fi sí abẹ́ ibùsùn, ọmọ ni yóò kọ́kọ́ rí i. Kí a ti ìbọn mọ́ inú àpótí irin, kí ọta wà ní àpótí mìíràn, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kí a má sì fi ìbọn yangàn ní ìgboro, nítorí pé olè tí ó bá gbọ́ pé ìbọn wà ní ilé kan, ìbọn náà gan-an ni yóò wá gbé.

Ìdáhùn wa nìyí. Ẹni tí ó ń fẹ́ ṣọ́ ilé, kí ó kọ́kọ́ tan iná síta, kí ó fi irin sí ilẹ̀kùn, kí ó sin ajá, kí ó sì mọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀. Kí àdúgbò ní ẹ̀ṣọ́ tí ọlọ́pàá mọ̀, kí wọ́n sì bá àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ nípa òfin ọdún 2016 ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú ní 1865, ìbọn kò wọ́n nínú ìlú. Síbẹ̀, ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun tí Glover rán wá láti Èkó ni ó tú ìdótì náà ká. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí ọkàn ẹnì kan bá ṣì wà lára ìbọn, kí ó gba ìwé, kí ó ra ẹlẹ́nu méjì lọ́wọ́ oníṣòwò tí ìjọba mọ̀, kí ó sì kọ́ bí a ti ń lò ó kí ó tó gbé e wọlé. Kí ó jìnnà sí ìbọn àgbélẹ̀rọ tí alágbẹ̀dẹ rọ ní kọ̀rọ̀, nítorí pé ó lè bú mọ́ olówó rẹ̀ lójú, ó sì lè sìn ín dé ẹ̀wọ̀n.

Ẹni tí kò bá lè ṣe gbogbo èyí, a bẹ̀ ẹ́ kí ó fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀kùn tí ó dára.