Pàṣán Kọ́ Ni Oògùn Ìbínú Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi

Bí ọmọ ọdún 2 tàbí 3 bá wó lulẹ̀ ní kíláàsì, tí ó ń ké, tí ó ń ju ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà pé àkẹ́jù ni. Pàṣán ni ó sì máa ń tẹ̀lé e. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ní ọjọ́ orí yìí, ọpọlọ ọmọ kò tíì gbó tó láti kó ara rẹ̀ níjàánu, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì tíì tó ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ó tún burú sí i bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni a ń sọ nílé rẹ̀, tí olùkọ́ sì ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òun fẹ́ gbọ́.

Kí olùkọ́ mú ohun tí ó lè ṣe ọmọ léṣe kúrò nítòsí, kí ó lóṣòó tì í, kí ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Bí ara ọmọ bá ti rọ̀, kí ó fún un ní ọ̀rọ̀ tí kò ní: "Inú ń bí ọ nítorí pé wọ́n gba bọ́ọ̀lù rẹ, àbí? Sọ pé, 'Tíṣà, ẹ bá mi gbà á.'" Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi ohun tí kò yẹ ra ìdákẹ́ rẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a máa ń fi tòsì fà á mọ́ra. Pàṣán lè pa ẹkún mọ́ ọmọ lẹ́nu. Kò lè fi ọ̀rọ̀ sí i.