Ìsinmi Wà Lára Eré Náà

Ní aago márùn-ún àárọ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀, kọ́ńdọ́ á pariwo "Ọbáléńdé!" lẹ́ẹ̀kan, dánfó á ti máa lọ. Ẹ̀yin náà mọ eré tá a máa ń sá. Tí mo bá bọ́ sínú ọkọ̀, àyà mi á máa lù kìkìkì. Ká tó gun Third Mainland, á ti rọlẹ̀. Èmi ò pàṣẹ fún un o.

Àwọn nẹ́ẹ̀fù tí kì í dúró gba àṣẹ wa ló ń ṣe é. Apá méjì ni wọ́n. Sympathetic ni tọ́tù: òun ló ń mú ọkàn sáré. Parasympathetic ni búréèkì, vagus tó ti ọpọlọ gba ọrùn sọ̀kalẹ̀ dé ọkàn sì ni ọ̀gá níbẹ̀.

Ibi tí HIIT ti kàn wá nìyẹn, eré ìdárayá tá a fi ń sáré gan-an, ká sinmi díẹ̀, ká tún sáré. Ní 1996, Izumi Tabata àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan gbé ìwádìí jáde lórí irú rẹ̀ kan: fi gbogbo agbára ṣe é fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, sinmi fún 10, tún un ṣe nígbà méje tàbí mẹ́jọ. Ó dáa lóòótọ́. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan, búréèkì ọkàn sábà máa ń lágbára sí i. Àmọ́ kì í ṣe ìgbà tá à ń sáré ló ń lágbára. Lẹ́yìn eré, tọ́tù ṣì wà nílẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan; ìgbà tá a bá sinmi, tá a sùn, ni ara ń tún ara ṣe.

Mi ò mọ èyí lọ́dún tó kọjá. Mo ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ń sun wákàtí mẹ́rin. Ìlù ọkàn mi láàárọ̀, kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kúrò ní 61, ó di 74. Mo rò pé mo ń ṣọ̀lẹ ni, mo bá fi kún un. Màámi ló bi mí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹ̀rọ ni ẹ́ ni?" Mo dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, mo ń tètè sùn, ó sì padà sí 62. Èmi nìkan nìyẹn o, kì í ṣe ìwádìí.

Àwọn àgbà ní èèyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ara wa ò mọ ìyàtọ̀ púpọ̀. Gó-síló Kétu, ariwo jẹnẹrétọ̀, lánlọ́ọ̀dù tó ń kan ilẹ̀kùn, tọ́tù kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í dùn sí kóòṣì tó ń pariwo "kò sí ìsinmi" lé èèyàn tó ti jí láti aago mẹ́rin lórí.

Ẹ ka ìlù ọkàn yín bẹ́ ẹ bá ṣe ń parí eré, kẹ́ ẹ rọra rìn fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tún un kà. Ní 1999, àwọn dókítà ní Cleveland, Amẹ́ríkà, rí i láàárín èèyàn 2,428 pé àwọn tí tiwọn ò fi ju 12 lọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn ni ewu ikú pọ̀ jù fún láàárín ọdún mẹ́fà. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀ léraléra, tàbí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ lọ rí dókítà kẹ́ ẹ tó tún sáré.

Tọ́tù wa ò ṣàìsàn ní Èkó. Búréèkì ló yẹ ká tọ́jú.