Ẹ Ya Fọ́tò Igi Nígbà Tó Ṣì Dúró

Bí wọ́n bá gé igi ńlá láàárín ìlú lóde òní, kí àwọn agẹgi tó palẹ̀ ẹ̀rọ wọn mọ́, fọ́tò rẹ̀ ti dé orí WhatsApp. Kùkùté la máa ń rí, oje funfun ìrókò tó ń sun lójú ibi tí wọ́n gé, ìyẹ̀fun pákó lórí koríko, ọmọdé méjì tó ti gun ìtì igi bí ẹni gun ẹṣin. Àwọn tó rí i á ní “ó mà ṣe o,” ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. A ò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó dárò igi. Ohun tí à ń sọ ni pé òkú igi nìkan kò tó jẹ́rìí: fọ́tò rẹ̀ kì í sọ bí òjìji rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kì í sì í sọ ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gé e. Èyí tí Pobè àti Sakété nílẹ̀ Benin nílò ni fọ́tò igi tó ṣì wà lóòró, tí mẹ́ríì yà, tó sì wà nínú ìwé.

Ìkànìyàn ọdún 2002 bá ènìyàn 82,910 ní Pobè àti 70,604 ní Sakété. Nígbà tí wọ́n tún kà ní 2013, Pobè ti di 123,677, Sakété ti di 114,088. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ ilé àti ọ̀nà, èédú àti igi sì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń dáná. Bẹ́ẹ̀ ni igbó wa kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárín Gánà àti Nàìjíríà, ilẹ̀ ọ̀dàn já ẹgàn sí méjì títí dé etí òkun, àárín ibẹ̀ gan-an ni Benin bọ́ sí. Ègé ègé ni igbó tó kù: ọ̀kan nìyẹn ní Pobè, níbi tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922, àwọn mìíràn sì jẹ́ igbó Orò. Lọ́dún 1998, àwọn olùwádìí Agbo àti Sokpon ka igbó òrìṣà 2,940 jákèjádò Benin, àpapọ̀ wọn jẹ́ hẹ́kítà 18,360. Ẹ pín in, kò pé hẹ́kítà méje fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ń gé igi mẹ́ta létí irú igbó bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ojú kì í tètè fura.

Òfin kọ́ ló wọ́n. Òfin 93-009 ti ọjọ́ 2 oṣù Keje 1993 wà lórí ọ̀rọ̀ igbó, àṣẹ àwọn mínísítà ti oṣù Kọkànlá 2012 sì wà fún igbó òrìṣà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pe ẹjọ́ igi tí kò sí lákọsílẹ̀? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gé igi kan tí gbogbo ayé mọ̀ lẹ́bàá ògiri Hadrian ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Fídíò tó wà nínú fóònù ọ̀kan nínú àwọn tó gé e wà lára ẹ̀rí tó mú wọn, àwọn méjèèjì sì gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta ní 2025.

Àwọn kan á ní igi ń wó pa èèyàn lásìkò ìjì. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí fọ́tò wà lọ́dọọdún, kí a lè rí èyí tó ń tẹ̀ kó tó dé orí òrùlé. Ẹlòmíràn á ní igi inú àgbàlá òun, tòun ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á, orúkọ onígi náà á wà nínú ìwé. Èyí tó wúwo jù ni ti igbó Orò, nítorí kámẹ́rà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Kò sì ní wọ̀ ọ́. Etí igbó là ń fẹ́, láti ojú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà, pẹ̀lú àṣẹ àwọn àgbà, torí láti etí ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́.

Gbogbo ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, tí í ṣe Ọjọ́ Igi, àwọn aláṣẹ a máa ya fọ́tò nídìí ọ̀gbìn tí kò ga tó orúnkún wọn. (Fọ́tò ọ̀gbìn kan náà lẹ́yìn ọdún kan la kì í rí.) Èyí tó ń bọ̀, kí mẹ́ríì méjèèjì fi òwúrọ̀ rẹ̀ ka igi tó ti dàgbà: olórí àdúgbò kan, fóònù kan, okùn ìwọ̀n kan. Odán àárín ọjà ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, torí ilẹ̀ ọjà ló ń yára gbówó lórí jù.